Òrùlé Ló Kọ́kọ́ Dé

Ìbógùn, lọ́nà Ìfọ̀,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, 2007.

Ròkíátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ṣé Èkó ń ṣe yín jẹ́jẹ́? Ara wa le níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi eyín ìyá rẹ tó ṣì ń dùn ún.

Ilé ìgbẹ̀bí tí iléeṣẹ́ yín ṣe ní abala-abala, tí wọ́n kó wá tò fún wa, ti dúró o, ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan kó tó dúró. Lọ́jọ́ Ajé ni ọkọ̀ ńlá kan dé, òrùlé nìkan ló kó wá. Bàbá Ọmọ́títí, aládùúgbò wa, rẹ́rìn-ín títí, bẹ́ẹ̀ oyún Mojísọ́lá ìyàwó ọmọ ẹ̀ ti pé oṣù. Ó ní, "Ọmọ rẹ fi fìlà ránṣẹ́, kò fi orí ránṣẹ́." Ó dùn mí. Dẹ́rẹ́bà ní kí n kọ bí ẹrù ṣe wà sínú ìwé rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ẹrù wà lálàáfíà, kò ṣàìsàn, ó ń kí ọ̀gá yín.

Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, tí o ní tírélà tó kó ògiri dúró sí Ìfọ̀ torí afárá ọ̀nà wa ò lè gbé e, pé o ti ń wá ọkọ̀ kéékèèké tí yóò pín in kó wá, ọkàn mi balẹ̀. O ní kí n má jẹ́ kí òjò pa òrùlé. Ó yà mí lẹ́nu, torí mo rò pé kí òjò máa pa á ni iṣẹ́ òrùlé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ràn, mo fi tapólì bò ó, mo sì jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kejì ògiri dé, tòun ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé lára rẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ilé ti dúró! O ti sọ fún mi pé ìwọ ni ọ̀gá sọ́púláì ṣéènì níbi iṣẹ́ yín, pé ṣéènì náà ló ń mú kí gbogbo ẹrù dé pé. Mo wá ṣéènì náà yíká ilé, n ò rí i, ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fáwọn ọmọdé pé ẹni tó bá rí i kó má fọwọ́ kàn án, kí ilé má baà tú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ Mojísọ́lá bímọ síbẹ̀, obìnrin, tìyá-tọmọ ló wà láyọ̀. Bàbá Ọmọ́títí ló ń mú àlejò káàkiri inú ilé náà báyìí, ó ń sọ fún wọn pé, "Ọmọ wa ló kọ́ ọ." N ò bá a jiyàn.

Jọ̀wọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́ sí mi. Àwọn èèyàn ń wá wo bàbá ẹni tó kọ́lé, bàtà ẹsẹ̀ mi ò sì bá ilé náà mu.

Gbogbo ohun tí o bá ń retí láyé, Ọlọ́run á jẹ́ kó dé bá ọ lásìkò, kó dé ní pípé, kó má dúró sójú ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ, bàbá ọ̀gá ṣéènì,
Sùbérù.