Ẹ Má Pè Mí ní Àlejò Nílé Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá Kékeré, ẹ̀yin àbúrò bàbá mi kan ṣoṣo tó kù fún wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Jọ́ọ̀sì, bí orúnkún mi tilẹ̀ ń ráhùn. Mo kí Ìyá Àgbà, aya yín. Mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Òrò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kó rọra kà á. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, n kò bẹ ọmọ-ọmọ kankan. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn ló ń kọ̀wé yìí!

Ọyẹ́ ti dé síbí. Tí mo bá jókòó ti máṣíìnì láàárọ̀, màá kọ́kọ́ fọwọ́ ra ọwọ́ kí ìka tó gbà láti di abẹ́rẹ́ mú. Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ni mo ṣì ń rán, ebi kò sì pa mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú, ilé ti fẹ̀ jù fún mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wá ní Sátidé. Tí wọ́n bá ti lọ tán, dídún aago nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé nìyí. Ní kíláàsì àwa àgbà, tíṣà ní kí a wá ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe èèyàn àti ẹranko tó ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn. Bàbá ọlọ́dẹ tó ń jókòó níwájú mú darandaran wá. Ẹlòmíràn ní àtìpó, ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. A dárúkọ àlejò, aṣíkiri àti ìsáǹsá. Tíṣà ní ti ìsáǹsá yàtọ̀, torí nǹkan ló ń lé e. A ka eṣú, a ka ìjàlọ tó ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, a ka lékeléke tó ń tẹ̀ lé màlúù. Èmi mú ìgbín wá, mo ní ìrìn àjò ìgbín, tilé-tilé ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi sì wú díẹ̀.

Ni tíṣà bá ní kí oníkálukú mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ìyá Táyé, tí a jọ ń jókòó, ní kí wọ́n kọ lékeléke fún mi: ó ní mo tẹ̀ lé ọkọ dé Jọ́ọ̀sì, màlúù ti lọ, lékeléke ṣì wà lórí pápá. Mo ní ìjàlọ ni òun, torí oúnjẹ kì í ṣẹ́ kù níbi tó bá gbà kọjá. A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tó kàn mí láti kọ tèmi sórí pátákó, ọwọ́ mi kọ̀. Mo rántí Kérésìmesì tó kọjá.

Mo délé, mo fẹ́ pọn omi, Ìyá Àgbà gba korobá lọ́wọ́ mi. Mo mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbà á. Ẹ̀yin fúnra yín ní kí wọ́n pa àkùkọ fún mi, kí wọ́n tẹ́ ẹní tuntun. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé wa, ta ni a kì í jẹ́ kó gbálẹ̀, bí kò ṣe àlejò? 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ pè mí pé ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ń wá yàrá, ẹ sì fẹ́ fún un ní yàrá ìyá mi tó ṣófo. Ẹ bi mí bóyá màá padà wálé. Mo ní ẹ jẹ́ kí n rò ó. Irọ́ ni mo pa. Mo ti rò ó tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tí n kò jẹ́ dárúkọ ní kíláàsì ló ń bà mí lẹ́rù: dálémoṣú, obìnrin tó kúrò nílé ọkọ wá jókòó sílé bàbá rẹ̀. Kí wọ́n wá pe arúgbó tó ti ní ọmọ-ọmọ bẹ́ẹ̀! N kò kọ ọkọ mi o, ikú ló yà wá. Àjò kì í sì dùn kí onílé má relé.

Mo ti sọ fún ọmọ mi. Ó sunkún, ó ní ta ni yóò máa bá òun wí báyìí. Mo ní fóònù ń bẹ.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin náà wọlé, torí ilé tí kò sí èèyàn, alántakùn ní í gbà á. Ṣùgbọ́n kó fi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún mi, níbi tí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi wà. Ẹ sọ fún un pé wọ́n ní mo máa ń hanrun. Tí mo bá ti rán aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi tán, mo ń bọ̀, tẹrù-tẹrù. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní dálémoṣú, kó máa pè é. Lánàá ní kíláàsì, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sórí pátákó lójú gbogbo wọn, mo kà á sókè, mo sì fọwọ́ ara mi pa á rẹ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí n bá yín láyọ̀ àti àlàáfíà. Ojú wa kò ní fọ́ kí a tó rí ara wa. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí ará ìjọ, ẹ kí àwọn ìmàle tó múlé gbè wá.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bọ̀ wálé,
Àbẹ̀kẹ́.