Òjò Tí Kò Rọ̀ ní Igbogila

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọ̀dá tí ẹ fi pamọ́ fún mi. Màmá, mo kúnlẹ̀ o, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ayétòrò, ẹ kú ẹnu. Bí kì í bá ṣe ẹnu yín ni, inú òkùnkùn ni mi ò bá ṣì wà.

Bàbá, inú ń bí mi. Ẹ má pè é ní àfojúdi. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti gbé ike tí a fi ń wọn òjò sẹ́yìn ilé wa, tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ máa wo iye omi tó wà nínú rẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Inú yín dùn, ẹ ní tíṣà kì í fẹ̀yìn tì. Gbogbo iṣẹ́ ìwádìí wa lókè òkun níbí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ká máa wo ibì kan náà lọ́dọọdún, ìbáà jẹ́ igbó, ọ̀dàn, irà tàbí oko, ká lè mọ ohun tó ń yí padà. Igi kan wà tí mo máa ń wọ̀n nínú yìnyín, ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ti kú. Òtútù a máa jẹ mí lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó máa kí mi kú iṣẹ́. Fọ́tò ìwé yín ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá jí. Tí mo bá ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín, ọkàn mi á balẹ̀.

Àfi bí Ẹ̀gbọ́n ṣe pè mí lóṣù tó kọjá, tí wọ́n ń ráhùn pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ gbin àgbàdo lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló gbẹ. Mo ṣí ìwé yín. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta! Háà! Òjò wo ló ń rọ̀ sórí ìwé tí kò dé oko?

Nígbà tí mo pè yín, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní lóòótọ́ ni ike gbẹ, ṣùgbọ́n èèyàn kì í ránṣẹ́ ẹkún sí ọmọ tó wà lájò, lẹ bá bu òjò díẹ̀ sí i. Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ nà mí lójú gbogbo kíláàsì nítorí pé mo jí ìṣirò ẹlòmíì wò! Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.

Mo sọ fún ọ̀gá mi, mo sì sunkún níwájú wọn. Wọ́n ní àwọn á yọ Igbogila kúrò nínú ìwádìí wa pátápátá, àfi tí ẹ bá fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ọjọ́ tí ẹ fi àánú kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í, ẹ má dá ẹyọ kan sí. Òdo kì í ṣe ìròyìn burúkú lọ́dọ̀ wa. Òun ni ẹ̀rí tí a ó fi hàn pé ọ̀dá mú Yewa, pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ba oko yín jẹ́.

Ohun tó wá ń dùn mí jù nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo béèrè ẹsẹ̀ yín tó ń wú. Ẹ ní ó ti san, pé ẹ tiẹ̀ rìn dé oko. Látìgbà náà ni mi ò ti sinmi. Bàbá, ṣé bó ṣe rí nìyẹn, àbí ẹ tún bù ú sí i fún mi ni?

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó rọ òjò sóko yín, kó jẹ́ ká fojú rínra láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá parí ìwé òjò, ẹ fi bírò pupa náà kọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe rí gan-an sí mi.

Ọmọ yín tó lè gbọ́ òótọ́,
Adébímpé