Orọ́ Ojú Fèrèsé Bọ̀ọ̀dá

Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi, pè mí sí yàrá wọn. Orọ́ ojú fèrèsé ń rùn. Baba Ẹlẹ́gùn-ún ni mo sọ ọ́, òun àti Bọ̀ọ̀dá ni wọ́n jọ ń kanra. Mo tẹ ìdí rẹ̀, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Omi ló pa á lára. Èmi tí mò ń ta òdòdó inú ìkòkò, ohun tí mò ń sọ fún oníbàárà lójoojúmọ́ nìyẹn: igi aṣálẹ̀ kì í fẹ́ omi púpọ̀. Bọ̀ọ̀dá ní ìgbà tí abọ́ ìsàlẹ̀ bá gbẹ nìkan làwọn ń bomi sí i. Abọ́ náà kún dẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 5

Mo hú u. Gbòǹgbò ti jẹrà. Mo fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ, mo gé e títí mo fi kan ibi tó mọ́. Yàrá mi ni yóò wà títí ojú egbò yóò fi gbẹ. Kòkòrò funfun bí òwú kún àárín ẹ̀gún rẹ̀, èèyàn á rí i látẹnu ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá ní, "Kòkòrò wo?" Bọ̀ọ̀dá tó máa ń rí iná orí mi láti òdìkejì títì nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ẹtì, 7

Mo dá ìkòkò padà sójú fèrèsé wọn. Iyanrìn lásán ló wà nínú rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 11

Bọ̀ọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n wo ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Àbúrò, o mà ṣeun o. Ó ti ń gbèrú. Ó tilẹ̀ fẹ́ yọ òdòdó."

Iyanrìn lásán ni.

Wọ́n jáde lọ kó àwọn ọmọ. Méjìdínlógún, tèmi wà nínú wọn. 

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo bi Aròyé, ọmọ mi, bí Bọ̀ọ̀dá, tó ń pè ní Bàbá, ṣe ń wakọ̀. Ó ní dáadáa ni, àti pé eré pupa dùn gan-an. Eré wo? Ó ní Bàbá ló kọ́ wọn: ẹni tó bá jókòó níwájú ni yóò máa wo iná oríta. Tó bá ti pupa, á pariwo, Bàbá á tẹ bíréèkì, gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́. Òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, ìdí nìyẹn tí ìjókòó iwájú fi jẹ́ tòun.



Àbámẹ́ta, 15

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ọ̀la ni n óò sọ ọ́.

Àìkú, 16

Mo gbé ìkòkò iyanrìn sí wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fọwọ́ bà á. Wọ́n wá ẹ̀gún títí.  Lẹ́yìn náà — "Má sọ fẹ́nì kankan. Wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n gba ọlidé, n óò lọ ṣàyẹ̀wò ojú." Bọ̀ọ̀dá ló tọ́ mi dàgbà. Mo ní kò burú. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ajé, 17

Mo parọ́ pé Aròyé ní ibà, kò ní lọ. Bọ̀ọ̀dá ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n rọra wa bọ́ọ̀sì jáde.

Mo tún Baba Ẹlẹ́gùn-ún gbìn sínú iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Mi ò bomi sí i. Ẹ̀gún gún mi níbi mẹ́ta.

Aròyé wà lójú fèrèsé nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń sunkún. "Màámi, kò kúkú rẹ̀ mí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ wa yẹn ló máa jókòó síwájú lónìí. Kò tíì mọ àwọ̀ pupa."

Mo ti pe ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò gbé e.