Bíńgò àti Ìdì Aṣọ

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́. New Haven.

Inú ṣì ń bí mi. Oyún ti pé oṣù mẹ́jọ, mo sì ń kọ́ Bíńgò, ajá wa, pé a kì í fò mọ́ ẹni tó gbé ọmọ. Mo fi ṣọ́ọ̀lù wé tówẹ̀lì, mo gbé e mọ́ àyà. Bíńgò jókòó jẹ́ẹ́.

Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe já wọlé, wọ́n figbe ta: "Ìyàwó, sọ ọ́ sílẹ̀! Ṣé aṣọ lásán lo tún fẹ́ gbé bọ̀ láti ọsibítù ni?"

Tún. Òótọ́ ni, aṣọ lásán ni mo gbé bọ̀ léṣìí. Ṣé dandan ni kí wọ́n sọ ọ́?

Wọ́n nawọ́ gba ìdì náà. Bíńgò dìde, ó kùn, ó yọ eyín sí wọn.

Ó yẹ kí n bá a wí. Mi ò bá a wí.