Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Mi

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo ru ẹrù nídìí reluwé Òṣòdì títí àárín orí mi fi pá. Mo sùn sẹ́yìn ìsọ̀ onísọ̀, òjò ń pa mí, ẹ̀fọn ń jẹ mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi po sìmẹ́ńtì fún ẹlòmíì, àtẹ́lẹwọ́ mi bó bí èèpo iṣu. Síbẹ̀, èmi tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì kejì, ọwọ́ mi ni àwọn lọ́yà tó ń kọ́lé ní Àjàó Estate ti ń ra búlọ́ọ̀kù láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ti dé. Ẹ kúkú mọ gbogbo èyí. Mo kàn ń tún un sọ nítorí pé ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ ń tì mí lójú ni.

Nígbà tí mò ń kọ́lé wa ní Ìsọlọ̀, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi ya balùwẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi èédú yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Yàrá kékeré ni, àmọ́ mo ti ra báàfù funfun ńlá, irú èyí tí òyìnbó ń dùbúlẹ̀ wẹ̀ nínú ẹ̀. Ó gba ju ìdajì lọ. Ibi tó kù fún ẹsẹ̀ ò fẹ̀ ju ẹní tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì. Mo ní kí ilẹ̀kùn ṣí sínú, kí n lè ṣí i sílẹ̀ gbayawu, kí àlejò tó bá ń kọjá rí báàfù mi.

Káfíńtà, Bàbá Rísí, gbọn orí. “Alàgbà, ẹ jẹ́ ó ṣí síta. Bí èèyàn bá ṣubú síbí, ibo la máa gbà wọlé gbé e?”

“Ta ló fẹ́ ṣubú nílé mi? Ilé adìyẹ ni ilẹ̀kùn ti ń ṣí síta. Kàn án bí mo ṣe wí, jàre!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kàn án.

Lẹ́yìn náà lẹ wá bá wa gbé. Ẹ kọ̀, ẹ ò wọ báàfù. Ẹ ní pósí ló jọ, pé ẹ ò tíì kú. Ibi tóóró yẹn lẹ máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yín kà, tí ẹ máa ń kọrin ìjọ tí ẹ bá ń fi kànìnkànìn họ ẹ̀yìn. Láàárọ̀ Sátidé kan, orin dákẹ́, mo gbọ́ gbì. Mo sáré ti ilẹ̀kùn, kò lọ. Mo tún fi èjìká tì í.

“Má tì í mọ́! Ẹ̀yìn mi ni!”

Àwọn òṣìṣẹ́ mi mẹ́ta ló yọ gíláàsì fèrèsé kí wọ́n tó lè bọ́ sínú. Màámi, kò sí ẹni tí ẹ ò lè bí nínú wọn. Wọ́n rí ìhòòhò yín kí Ìyá Bísí ìyàwó mi tó ráyè ju aṣọ wọlé. Ẹ ò bú mi. Ẹ kàn ní, “Ẹ bá mi wá ìró mi.” Lọ́jọ́ kẹta, ẹ di ẹrù yín, ẹ padà sí Ìfọ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ kú.

Ẹ ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Ìfọ̀. Èmi náà ò sọ. Nígbà tí ẹbí bi mí ní ìdí tí ẹ fi kúrò, mo ń wolẹ̀. Níbi ìsìnkú yín, Àdùkẹ́ àbúrò mi nàka sí Ìyá Bísí níṣojú ẹbí: “Ìwọ lo lé ìyá wa! Ìyàwó tí ò lè gba ìyá ọkọ mọ́ra!” Ìyàwó mi yíjú sí mi, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo ń ṣe bí ẹni ń wá ìwé orin nínú àpò. Ìyàwó tó fi omi gbígbóná jó yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta! Títí dòní, ó ń dá mi lóhùn, àmọ́ kì í wojú mi.

Ṣé nítorí iyì mi lẹ ṣe dákẹ́, Màámi? Ṣé ẹ mọ̀ pé ọrùn ìyàwó mi ni màá gbé ẹ̀bi náà kọ́?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, Bàbá Rísí máa wá. A máa gbé báàfù yẹn jáde, a máa mọ ìjókòó sìmẹ́ńtì sí ara ògiri, ilẹ̀kùn á sì máa ṣí síta. Tó bá di Sátidé, èmi àti Ìyá Bísí jọ ń lọ sí Ìfọ̀. Màá pe Àdùkẹ́ àti gbogbo ẹbí jókòó, màá ní èmi ni, kì í ṣe ìyàwó mi. Kí wọ́n wá bú mi níṣojú rẹ̀ títí á fi tẹ́ wọn lọ́rùn.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí ẹ bo àṣírí rẹ̀.