Ọjọ́ Tí Mo Jí Ọ̀ṣunfúnkẹ́ Gbé ní Súkúù

Àjàní, Fágbèmí ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ rélùwéè ń lọ déédéé? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé òtútù Èkó kò mú un mọ́? Ọ̀ṣun kò ní fi yín sílẹ̀ láàárín àjèjì. Èmi Àkànkẹ́ ìyá rẹ ni mo ń sọ̀rọ̀, Tíṣà Akínwálé ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n fo ibi tí mo ti pè é ní gbọ́mọgbọ́mọ, mo ní kò gbọdọ̀ fò ó.

Fúnra mi ni mo ń mú Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ọmọ rẹ tí o fi sílẹ̀ fún mi, lọ sí súkúù láràárọ̀. N ó kọ́kọ́ gbé etí lé ojú irin bóyá rélùwéè ń bọ̀, a ó sọdá, a ó tún gba orí igi tí wọ́n gbé dábùú odò. Ọjọ́ Ajé tó kọjá, bí mo ti fẹ́ yí padà sílé, òyìnbó kan gun kẹ̀kẹ́ dé, Tíṣà gbé ìwé gbàǹgbà kan lé e lọ́wọ́, òyìnbó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ. Ẹni tó bá pè á dìde, á ní pẹrẹsẹ́ǹtì sà. Ẹ̀rù bà mí. O rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òyìnbó ṣe kọ orúkọ Ògúnlànà àbúrò bàbá rẹ sínú ìwé, tí wọ́n kó o lọ ru ẹrù ogun ní Kamẹrúùnù, a kò sì tíì gbúròó rẹ̀ títí dòní. Mo rò pé pẹrẹsẹ́ǹtì yẹn ni pé ọmọ gbà láti lọ. Kó tó kan Ọ̀ṣunfúnkẹ́, mo ti bẹ́ wọlé, mo gbé e, mo pe Tíṣà ní gbọ́mọgbọ́mọ lójú òyìnbó, mo sá.

Abà wa lọ́nà Sékọ̀nà la sùn. Òjò rọ̀ mọ́jú. Ọmọ yìí kò jẹun, ó ń sunkún pé wọn yóò fa ilà sí iwájú orúkọ òun pé òun kò wá sí súkúù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo nawọ́ sí orí ẹní, n kò bá a. Àjàní, n kò rántí wé gèlè. Mo ń sáré, mo ń pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn, títí mo fi dé etí odò. Omi ti bo igi mọ́lẹ̀. Ọmọ rẹ dúró láàárín odò lórí igi yẹn, omi dé e lórúnkún, ó di ẹ̀ka kan mú, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Mo fẹ́ kó sínú odò. Tíṣà wà ní òdìkejì, ó ti jáde wá wá wa. Ó fọwọ́ sọ fún mi pé kí n má mira, ó ń rọra sọ fún ọmọ náà pé kó má wo omi, kó máa ka A B D fún òun, ó sì ń wọ́ bọ̀ nínú odò tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀ títí omi fi dé e láyà. Ọmọ kà á dé G kí Tíṣà tó gbá a mú. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ fún Tíṣà, ọmọ tí mo lè bí.

Ó ní òyìnbó náà kàn wá ka iye ọmọ ni. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀ tán. Mo ní kó kọ orúkọ tèmi náà sísàlẹ̀ ti Ọ̀ṣunfúnkẹ́, pé bí wọn yóò bá kó o, kí wọ́n kó wa pọ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó wo ojú mi, ó kọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ń jókòó báyìí títí wọn yóò fi jáde, bó bá sì pè mí, èmi náà á ní pẹrẹsẹ́ǹtì sà.

Jọ̀wọ́ fi ṣílè díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi bẹ àwọn géńdé kí wọ́n gbé igi tó nípọn sí odò náà kí òjò tó le ju báyìí lọ. Má fi í gba orí wáyà rélùwéè tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ o, wáyà náà tẹ́ẹ́rẹ́, òjò lè gbé e já bọ́. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ra ṣòkòtò kan fún Tíṣà pẹ̀lú. Tíṣà kọ̀, kò kọ ibí yìí, Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ló gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀ tó kọ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi wọ́.

Ọ̀nà tí ẹ bá tọ̀, ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́ níbi tí ojú mi kò tó. Ẹ ó sì wá fi ọwọ́ ara yín gba ọmọ yín lọ́wọ́ mi, láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àkànkẹ́, ní Ẹdẹ.