Kòtò Wa Ń Retí Ọ̀gá

Ọmọ mi àtàtà, ìyá mi kékeré,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn? Tí o bá ń bèèrè wa, a wà, a ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣe ọ̀gá lórí gbogbo omi ìdọ̀tí ìlú ńlá, kò ní jẹ́ kó ta sí ọ láṣọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹ̀yìn ló ń dùn ún, mo máa tó sọ ohun tó fà á.

Ọdún kejì rèé tí a ò fojú kàn ọ́, o ní iṣẹ́ ò jẹ́. Mi ò bínú. Ẹni tí gbogbo ìlú ń wẹ̀, tí wọ́n ń fọ abọ́, tí wọ́n ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ ń ṣàn wá bá, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè? Awakọ̀ tó ń ná ìlú ńlá ní wọ́n ń bú ọ nítorí àwọn títì tí ẹ gbẹ́ káàkiri. Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n á mọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ṣáláńgá wọn bá kún.

Mo ń fọ aṣọ oníbàárà mi kan lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí rédíò, mo ju ọṣẹ nù. O ní òfin tuntun ti dé. O ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń ba omi jẹ́ gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ kó tó dà á nù, kó sì bu díẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, pé kí onílé gbẹ́ kòtò páìpù láti balùwẹ̀ rẹ̀ lọ bá páìpù ńlá tí ẹ̀ ń rì sábẹ́ títì, kí ẹnikẹ́ni má sì bo kòtò títí ọ̀gá yóò fi wá fojú rí i. Bàbá rẹ ní àwọn ará ìlú ńlá lo ń bá wí. Mo ní ṣé àwa la ó wá kọ́kọ́ rú òfin ọmọ wa ni?

Èmi alágbàfọ̀, mo fi aṣọ sẹ́ omi mi, mo fi iyanrìn sẹ́ ẹ, mo tún fi èédú sẹ́ ẹ. Ó mọ́ gaara débi pé bàbá rẹ ní ta ló ń da irú omi báyìí nù, ló bá gbé e lọ wẹ̀. Mo ti bu ìgò kan fún awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n mu ún ní ọ́fíìsì. Tí mo bá yege, kọ máàkì mi wá kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Tí mo bá fìdí rẹmi, kó mọ sáàárín èmi àtìrẹ.

La bá kọjú sí kòtò. Bàbá rẹ ń gbẹ́, èmi ń tọ́ka ibi tí ìlú ńlá wà. Láti balùwẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gba iwájú ilé bíríkìlà aládùúgbò wa, ó dé ojú títì. Ibẹ̀ la dúró sí. Ìyókù, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì lẹ máa gbẹ́ ẹ wá pàdé wa. Ẹ má kánjú, a mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Bíríkìlà ní omi kì í gun òkè. Mo ní tí ọmọ mi bá ti pàṣẹ fún un, á gùn. Ìgbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ jìn sí kòtò, ó ní òun máa dí i. Mo bọ́ sínú rẹ̀, mo jókòó, mo ní kó da erùpẹ̀ lé mi lórí. Ó rẹ́rìn-ín títí ṣọ́bìrì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní ọmọ tí kò ráyè wá wo ìyá àti bàbá rẹ̀, ṣé kòtò ló máa wá wò? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò purọ́. Bàbá rẹ náà gbọ́ ọ, ó kàn ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, ìyá mi. A ò bò ó. A máa ń fò ó ká tó wọ ilé ìdáná, ẹsẹ̀ bàbá rẹ ò sì gùn tó bíi tàtijọ́. A nílò owó pákó tí a ó tẹ́ lé e. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù o, mo ti yẹ fóònù mi wò tẹ̀yìn tiwájú, mi ò rí ihò tí owó máa gbà jáde. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Tí wọ́n bá rán ẹlòmíì, màá dá a padà, ọ̀gá lo sọ lórí rédíò.

Páìpù rẹ ò ní dí, ọ̀nà rẹ náà ò ní dí. Ìwọ tí o ń kó ẹ̀gbin jáde nílé onílé, ayọ̀ ò ní tán nílé tìrẹ. Tí o bá sọ̀ nínú ọkọ̀, rọra máa wolẹ̀ kí o má baà jìn sí kòtò wa. Àwa méjèèjì á ti dúró ní òdìkejì, a ó na ọwọ́ sí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.